Ilé Tí Mo Kọ́ Ni Wọ́n Ti Jẹun Ìyàwó

Àbúrò mi kan ní Ìlọrin gba ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ó kí mi, ó kì mí, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn oríkì. Ó ti rí ibi tí yóò ti ka másításì ní Ìlú Ọba, owó fọ́ọ̀mù ló kù. Ọkọ rẹ̀, tí wọn ò tíì so yìgì wọn tó oṣù mẹ́ta, yóò dúró sílé. "Tó bá di oṣù mẹ́fà, màá fà á wá."

Fà á wá. Bí ẹni ń fa ewúrẹ́ bọ̀ láti ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtijápa, ó kàn yín náà. Láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó bá wá ka másításì níbí kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi tó bá jẹ́ ti ìwádìí, tàbí tó bá jẹ́ ìjọba ló ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Tó bá parí, tó gba físà tí wọ́n fi ń wáṣẹ́, kò lè torí ìyẹn mú un wá bí wọn ò bá ti jọ wà látìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kíà, ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn, tí ẹ tún ń béèrè, ọjọ́ 22 oṣù keje 2025 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ẹni tó wà nílé. Ẹni tó bá ń ta CoS kíà, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń gba èèyàn wá, fún yín ní Tánkẹ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ ló ń fi kóńgò wọ̀n fún yín.

Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló ń dùn mí.

2022 ni èmi dé, nígbà tí ilẹ̀kùn kíà ṣì ṣí gbayawu. Ọkọ mi lè tẹ̀lé mi. Ó ní ká kọ́kọ́ parí ilé tí à ń kọ́ ní Ẹyẹnkọrin ná. Mo gbà. Mo ṣe òru, mo ṣe ọ̀sán, owó bíríkì lọ, owó páànù lọ, owó táìsì lọ. Àwọ̀ géètì, èmi ni mo yàn án: àwọ̀ ewé. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, tí ìjọba ní òṣìṣẹ́ kíà tuntun kò gbọdọ̀ mú ẹbí wá mọ́, ọkọ mi pè mí, ohùn rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀: "Ó mà ṣe o, wọ́n ti tì í." Mo ní kò kan àwa tí a ti wọlé ṣáájú, mo fi òfin náà ránṣẹ́ sí i. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn, ó yẹ kí n ti gbọ́ ọ.

Ẹ má gbà pé òtútù ló ń pa èèyàn níbí. Òtútù ní kóòtù. Ìlú kékeré ni mo wà. Tó bá di December, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni mo lè bá sọ Yorùbá. Lọ́jọ́ Iléyá mo ń wo ẹṣin lórí fóònù, ẹṣin tó jẹ́ eégún ilé wa, mo ń wá ojú ẹni tí mo mọ̀ láàárín èrò.

Aago mẹ́ta òru ni, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ń po tíì. Mo ṣí status. Àbúrò mi yìí kan náà ni, ó wọ àǹkárá ẹbí, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó gbé abọ́ ike tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí lára. Mo fẹ àwòrán náà. Orúkọ ọkọ mi ni. Orúkọ kejì kì í ṣe tèmi. Lẹ́yìn wọn, géètì aláwọ̀ ewé.

Agogo dún. Màmá òyìnbó kan, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé, ti tọ̀ sára. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo lọ pààrọ̀ pádì. Ó wo ojú mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé ta ló nà mí. Kí n tó dáhùn, ó ti gbàgbé.

Ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi pé ọkùnrin lẹ́tọ̀ọ́ sí mẹ́rin. Ilé kéwú Pàkátà ni mo ti dàgbà. Inú Súúrà Nísáà kan náà ló wà pé bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹ ò ní ṣe déédéé, ẹ fẹ́ ẹyọ kan. N ò bá ìyàwó jà. Bóyá kò mọ ẹni tó san owó táìsì tó ń tẹ̀. Ohun tó ń ta mí ni pé gbogbo agbo ilé mọ̀. Ìyá mi mọ̀. Ó ní: "A ò fẹ́ kí o sunkún níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò rẹ̀ ọ́ lẹ́kún." Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Bàbá àgbà kú, ẹ̀yìn fídáù ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí kàǹga bá gbẹ, tí owó ilé ìwé bá dé, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa ń pè mí.

Ẹ fi ìwé ilẹ̀ sórúkọ yín kí ẹ tó rán kọ́bọ̀. Tèmi wà lórúkọ ọkọ mi. Lọ́yà ní kí n mú rìsíìtì wá, "mo ti rí i, Ọlọ́run á bù sí i" nìkan ló wà nínú fóònù mi. Ẹ sì wá ẹnì kan nílé tí yóò máa sọ òótọ́ fún yín, kódà tó bá máa pa yín lẹ́kún. Ẹ má rò pé ẹ kàn máa sá wálé lọ jà. Físà mi so mọ́ ẹni tó gbà mí síṣẹ́; tí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n máa ń fún wa láti rí òmíràn tàbí ká palẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi, màá san owó fọ́ọ̀mù náà. Ẹ̀jẹ̀ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n gba ohùn mìíràn ránṣẹ́, má kì mí o, ìdáhùn ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, tùwó ni wọ́n sè àbí jọ̀lọ́ọ̀fù? Ṣé ẹnikẹ́ni bu tèmi sílẹ̀?