Òjò Tó Rọ̀ Sí Ewúro Náà Ló Rọ̀ Sí Ìrèké: Ìmọ̀ràn fún Ẹbí Tó Ń Lọ Sí Etíkun Lásìkò Òjò

Àwọn àgbà ní, "Òjò tó rọ̀ sí ewúro náà ló rọ̀ sí ìrèké." Omi kan náà ni àwọn méjèèjì mu. Ewúro korò, ìrèké dùn, kò sì sẹ́ni tó lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru òjò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹbí méjì tó wọ ilé ìtura kan náà ní Àgbádárìgì lọ́sẹ̀ kan náà. Nínú yàrá kìíní, bàbá ń ka owó tó ti ná, ìyá ń yọjú lójú fèrèsé, àwọn ọmọ dorí kodò sójú fóònù. Nínú yàrá kejì, ẹ̀rín ń sọ. Àwọn ti yàrá kìíní wá wo òkun, òjò sì gba òkun lójú wọn. Àwọn ti yàrá kejì wá fọwọ́ ṣe nǹkan pọ̀, òjò ò rí ìyẹn gbà. Ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé ohun tó wò. Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló máa ń bá a dàgbà.

Ní ẹkùn Èkó, oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ni òjò máa ń lágbára jù. Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ iléèwé sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Keje, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ń rin. Lóṣù Kẹjọ, òjò ńlá a máa dá díẹ̀, òjò wínniwínni àti òtútù á rọ́pò rẹ̀. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, òjò á tún dé. Òbí tó bá wá ń sọ fọ́mọ pé oòrùn ń dúró dè wọ́n ń wá ẹkún ni. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn kí ẹ tó kúrò nílé: "Òjò á rọ̀ o. Iṣẹ́ òjò wo ni kálukú fẹ́ mú?" Ọ̀kan á ní òun ni ọ̀gá ayò, òmíràn á mú àgbọn, àbígbẹ̀yìn á máa ka iye ìgbà tí òjò dá. Ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í da òbí láàmú pé ìgbà wo la ń lọlé.

Ní ti ẹrù, ọmọ kọ̀ọ̀kan nílò aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́ta fún ọjọ́ méjì, sílípáàsì méjì (ọ̀kan á máa tutù nígbà gbogbo), àti aṣọ ìnura tirẹ̀. Ẹ di aṣọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, kí ẹ so ó lẹ́nu. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti okùn bíi mítà márùn-ún tí ẹ máa fi sá aṣọ nínú yàrá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣàròyé pé aṣọ etíkun kì í gbẹ, wọn a sì di ẹ̀bi ru òjò. Iyọ̀ ni. Iyọ̀ tó kù lára aṣọ máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra; ẹ báà sá a fún ọjọ́ méjì, á ṣì máa rin. Ẹ fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ sì sá a síbi tí fáànù ti ń fẹ́ sí i.

Lórí omi fúnra rẹ̀, àwọn àgbà ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: "Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru." Lásìkò yìí, òkun Àtìláńtíìkì létí ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ọmọdé. Ìgbì tó ń fọ́ síwájú yín lè ti ọ̀nà jíjìn réré wá, láti ìsàlẹ̀ gúúsù níbi tí ìgbà òtútù àti ìjì wà nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí òkun fi lè máa bínú lọ́jọ́ tí òjò ò kán rárá. Ibi tó ń tan ènìyàn jù ni ojú omi tó rọlẹ̀ wọ̀ọ̀ láàrin ìgbì méjì tó ń fọ́. Àlejò á ní ibẹ̀ gan-an ló dára, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí omi ń gbà padà sínú òkun nìyẹn, ó sì lè pọ́n nítorí iyanrìn tó ń gbé lọ. Ẹni tí omi yẹn bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jà. Kó léfòó, kó rọra máa lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, bí ẹni ń tọ etí òkun, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kó tó wá dorí kọ ilẹ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ lé e. Kó ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó ní ìdérí sí i, kó sì pariwo. Òfin tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ọrùn ẹsẹ̀ ni omi ọmọdé mọ, àgbàlagbà kan kò sì gbọdọ̀ máa ṣọ́ ju ọmọ méjì lọ.

Mànàmáná ní ìṣirò tirẹ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn ààrá máa ń lo bíi ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó rin kìlómítà 1. Bí mànàmáná bá kọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà. Bí ààrá bá sán nígbà tí wọ́n kà dé 15, ibi tó ti wá jìnnà tó kìlómítà 5. Eré ni fún wọn. Fún ẹ̀yin, bí etí bá ti gbọ́ ààrá lásán, gbogbo yín ti gbọdọ̀ kúrò lórí iyanrìn. Ẹ má sá sábẹ́ igi àgbọn tàbí àtíbàbà, inú ilé tàbí inú mọ́tò ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán gbẹ̀yìn. Ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó ò pa, kó máa dúpẹ́.

Bí òjò bá dá fún wákàtí kan tàbí méjì, ẹ wọ ìgboro Àgbádárìgì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845, kọjú sí ọ̀sà níbẹ̀. Ẹ yà síbi tí igi Àgíà dúró sí, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lọ́dún 1842. Igi náà wó ní 1959. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan péré lọ́kàn bọ̀ wálé, bóyá fèrèsé kan tàbí àtẹ̀gùn kan, kó yà á sórí ìwé nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn, ló pọ̀ níbẹ̀, èdè wọn sì yàtọ̀ sí tiwa. Kí àwọn ọmọ béèrè ìkíni kan lẹ́nu ìyá tó ń ta àgbọn, kí wọ́n sì fi kí ẹlòmíì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú wà ní òdìkejì ọ̀sà. Kí gbogbo ọmọ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ so ó pinpin kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí atẹ́gùn bá ń ru omi sókè, ẹ fi í di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀nà tí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun lọ́hùn-ún ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní gbólóhùn méjì kí ẹ tó gbéra, kí ẹ wá rìn láìsọ̀rọ̀. Ìbéèrè di alẹ́. Kì í ṣe ibi tí à ń ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú fóònù. Lójú tiwa, ọjọ́ tí òjò ń ṣẹ́ wínniwínni yẹ ọ̀nà yẹn ju ọjọ́ oòrùn lọ.

Ẹ wálé wá din àgbọn. Àgbọn gbígbó méjì àti ife ṣúgà kan ti tó. Àgbọn ní ojú mẹ́ta: ẹ fi ìṣó gún méjì, kí ẹ da omi rẹ̀ sínú ife. Ẹ fọ́ ọ, ẹ yọ ẹran inú rẹ̀, kí àwọn ọmọ tọ́wọ́ wọn ti gbó díẹ̀ rin ín. Ẹ da àgbọn rírin, ṣúgà àti ife omi àgbọn kan sínú ìkòkò, kí ẹ gbé e ka iná tí kò le. Àgbàlagbà ni kó máa rò ó, torí ṣúgà gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń jó ni ju omi gbígbóná lọ. Omi á kọ́kọ́ pọ̀, á wá ki, á bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́: ẹ dín iná kù wéré, ẹ má dẹ́kun rírò ó, torí kò pẹ́ rárá láàrin pupa rẹ́súrẹ́sú àti dúdú. Tó bá ti dúdú, ewúro ti dé. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè tí ẹ fi òróró pa, ẹ fi fọ́ọ̀kì tú u ká. Ẹ má dé e mọ́ inú agolo nígbà tó gbóná, ooru rẹ̀ á di omi. Ẹ má sì ṣí i sílẹ̀ mọ́jú, ọ̀rinrin òjò á sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Lálẹ́, bí iná bá lọ, ẹ má kánjú tan jẹnẹrétọ̀. Àsìkò àlọ́ nìyẹn, àlọ́ tó sì bá ibi tí ẹ wà mu pọ̀. "Ta ní ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?" Àgbàrá òjò ni, ó sì ń lọ lójúde yín lọ́wọ́. "Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun?" Òjò. "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́?" Ọmọorogùn ni; bí ẹ bá rò àgbọn lọ́sàn-án, wọ́n á mọ̀ ọ́n kíákíá. Ẹni tó bá gba àlọ́ ló máa pa èyí tó kàn, ọmọdé ìbáà jẹ́.

Bí ẹ bá gbàgbé ọpọ́n ayò sílé, ẹ tọrọ kíréètì ẹyin lọ́wọ́ alásè. Ihò 30 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà lọ́nà márùn-ún; ẹ gé ìlà méjì tó ní mẹ́fà-mẹ́fà, ọpọ́n dé nìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìkarahun kò dára fún un, ó ń há sínú páálí.

Ẹ ká ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ nígbà tó ń pàlọ́. Òjò orí páànù á bo ohùn mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ wọ yàrá tó ní àjà, kí ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu rẹ̀, kì í ṣe sórí tábìlì. Ẹ sì ká òjò páànù náà lọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ní ti fọ́tò, bí ẹ bá jáde láti yàrá amúlétutù, ojú kámẹ́rà á kọ́kọ́ ṣú bí ojú dígí ilé ìwẹ̀. Ẹ fún un ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má fi aṣọ oníyanrìn nù ún. Bí fóònù bá já sínú omi òkun, ẹ pa á, ẹ má fi gba iná: iyọ̀ ló ń jẹ inú rẹ̀, ìrẹsì tí ẹ fẹ́ rì í sí kò sì lè yọ iyọ̀.

Ìkarahun tí ohun ẹlẹ́mìí bá wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Èyí tó ṣófo, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán mọ́jú, kí ẹ tó dì í. Iyanrìn inú ìgò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbẹ nínú agbada lórí iná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á hu funfun.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá délé, ẹ tẹ fọ́tò mẹ́wàá sórí ìwé, kí ẹ má ṣe fi ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ nínú fóònù tí wọ́n lè jí. Kí àwọn ọmọ kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ fúnra wọn, ní pẹ́ńsù: ọjọ́, ibi, orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ jẹ lọ́jọ́ náà, àti orúkọ ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́. Ìyá ni ẹni yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sì í sí nínú fọ́tò kankan.