Kí ẹ tó gbé ìtàn ẹlòmíì sáyé

Èrò ọkàn mi rèé lórí fíìmù àti orin tí àwọn queer, ìyẹn àwọn tí ìfẹ́ tàbí jẹ́ńdà wọn yàtọ̀ sí ohun tí àwùjọ ń retí, fi ń sọ ìgbésí ayé wọn: ẹni tó ni ìtàn ló ni àṣẹ lórí rẹ̀ títí dọjọ́ tí iṣẹ́ máa jáde. Ìwé tó fọwọ́ sí kí kámẹ́rà tó tàn kò tó. Ẹ jẹ́ kó wo fíìmù náà bí ẹ ṣe gé e kẹ́yìn, kó tó tún sọ bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Ẹ sì ya ibi tí wọ́n ti máa fi hàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé náà: àjọ̀dún fíìmù, tẹlifíṣọ̀n, íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíì á gbà kí igba èèyàn wò ó nínú gbọ̀ngàn, àmọ́ kò ní fẹ́ kó dé orí YouTube. Ẹyin lohùn, ti íntánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ burú jù, torí ẹnìkan á ti gbà á sórí fóònù kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò.

Ojú tí a rò pé a ti bò ló ń kóni sí wàhálà jù. Ká kàn da ojú rú díẹ̀ kò bo nǹkan kan lójú ẹni tó mọ èèyàn náà: á fi ìrìn, ọwọ́, tàtúù, àní kọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀ dá a mọ̀. Àwọn kan á gbé iná sẹ́yìn rẹ̀ kó lè dúdú bí òjìji. Ó dáa, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó ń gba fídíò ní raw tàbí log (ọ̀nà ìgbàsílẹ̀ tó máa ń pa ohun púpọ̀ mọ́ kí wọ́n lè tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà) ń tọ́jú ohun tí ojú wa ò rí nínú òkùnkùn yẹn. Ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè dópin lórí kọ̀ǹpútà. Bí imú àti ẹnu bá yọ, iná ń ta padà sí i lójú láti ara ògiri tàbí ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi aṣọ dúdú bo ibẹ̀, kí ẹ tún un yà.

Ohùn ńkọ́? Bí ẹ bá kàn mú un lọ sílẹ̀ kó lè ki, ẹni tó bá gbé e sókè níwọ̀n kan náà á gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an. Ẹ ní kí òṣèré tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kó dánu dúró níbi tí ẹni náà ti dánu dúró. Nínú Welcome to Chechnya, fíìmù tí David France ṣe ní 2020 nípa àwọn queer tó ń sá kúrò ní Chechnya ní Rọ́ṣíà, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi gbé ojú àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lé ojú àwọn tó ń sá àsálà, débi pé ẹ̀rín àti ẹkún wọn ṣì hàn. Ọ̀pọ̀ wa ò lówó irú ẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ẹnìkan á wá fi fóònù ya ojú kan náà níbi iṣẹ́, á sì gbé e síta. Fótò yẹn lè gbé àmì ibi tí wọ́n ti yà á lọ́wọ́ pẹ̀lú. Kí gbogbo fóònù pa location kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ẹni náà ò gbọdọ̀ sí lára orúkọ fáìlì rárá.

Ní ti orin, orúkọ ló ń tú àṣírí. Àwọn tó ń bá wa gbé orin lọ sórí Spotify àti Apple Music máa ń béèrè orúkọ gidi ẹni tó kọ ọ́, ó sì lè hàn sí gbogbo ayé. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n á gba orúkọ ìnagijẹ tí ẹ ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún olórin. Olórin trans (ẹni tí jẹ́ńdà rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i) tó ti yí orúkọ padà ò gbọdọ̀ sáré pa orin àtijọ́ rẹ́. Kó ní kí wọ́n tún orúkọ náà ṣe. Bí wọn ò bá lè ṣe é, kó tún orin kan náà gbé sókè pẹ̀lú ISRC àtijọ́, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 tó jẹ́ ti orin yẹn. Bó bá gba tuntun, iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Yorùbá tiẹ̀ ṣe wá lóore kan: “ó” wa kì í sọ akọ tàbí abo, “olólùfẹ́ mi” náà kì í sọ ọ́. Èèyàn lè kọ orin ìfẹ́ látòkè délẹ̀ láìtú ara rẹ̀ fó. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fídíò ló ń ba iṣẹ́ yẹn jẹ́, torí atúmọ̀ á fẹ́ mú he tàbí she, ohun tó bá sì wá sí i lọ́kàn ló máa mú. Ẹ bi ẹni tó kọrin kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.