Ẹ̀yin Ayàwòrán Áńpù Onítúùbù, Apá Iná Ńkọ́?

Inú ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń ya àwòrán bí a ṣe ń so áńpù onítúùbù (ẹ̀rọ tó ń fi túùbù gíláàsì mú ohùn orin lágbára) fún hẹ́dífóònù, tí wọ́n sì ń sọ fún wa pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé ni. Àwòrán mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti tẹ̀ lé láàrin oṣù márùn-ún. Nínú gbogbo wọn, wọ́n ya túùbù 6SN7 dáadáa, wọ́n sì kọ iye resísítọ̀ (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi tí iná yóò ti wọlé, wọ́n fa ìlà kan lọ sókè, wọ́n kọ 250V sí orí rẹ̀, wọ́n sì kọjá lọ. Níbo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ti rí 250 fólítì ọ̀hún?

Apá tí wọ́n fò yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Iná tó ń wọ ilé wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí dáyóòdù bá ti darí rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ó di ìgbì 100, bí kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) kò bá sì tẹ́ ìgbì náà pẹrẹsẹ, inú orin ló ń gbà jáde. Bí ó bá jẹ́ sípíkà ńlá ló wà ní igun yàrá, ènìyàn lè má fura. Hẹ́dífóònù tó lẹ̀ mọ́ etí kì í bo àṣírí: bí oyin ṣe ń kùn nínú ihò igi ni mo ń gbọ́ ọ láàrin orin kan sí èkejì. Túùbù ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo sì fi owó oúnjẹ ra méjì mìíràn, láìmọ̀ pé túùbù kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Wáyà tó ń mú inú túùbù gbóná ńkọ́? 6.3V ni wọ́n kọ, ó parí. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi wáyà náà sílẹ̀ láìso ó mọ́ ilẹ̀ (ojú òdo fólítì nínú áńpù), tàbí pé resísítọ̀ 100 óòmù méjì péré, ọ̀kan láti etí kọ̀ọ̀kan wáyà náà wá sí ilẹ̀, lè dín kíkùn náà kù púpọ̀. Wọ́n tún gbà pé iná ilé gbogbo ènìyàn dúró sójú kan. Ní Ìbàdàn níbí, mítà mi ti ka 180 fólítì ní àṣálẹ́. Tiransifọ́má tó ń mú 6.3 jáde nígbà tí iná bá pé 230 kò lè mú ju bíi 4.9 jáde nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni túùbù kò fẹ́ kí ó lé tàbí kí ó dín ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti kapásítọ̀. Mo ti pa áńpù náà, mo ti yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá kí n tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, síbẹ̀ iná gbé mi, apá mi sì kú títí dé èjìká. Kapásítọ̀ tó ti mu 250 fólítì kì í tú u sílẹ̀ kíákíá nítorí pé a yọ wáyà. Resísítọ̀ 220 kilo-óòmù kan ṣoṣo, tó lè gba wáàtì 1, tí a bá so mọ́ orí kapásítọ̀ 100 máíkírófáràdì, ìbá ti fà á gbẹ láàrin ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì. Kí ló dé tí kò fi sí nínú àwòrán tí wọ́n gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́?

Mo ti ń ya apá iná náà fúnra mi báyìí, láti ibi pọ́lọ́ọ̀gì. Etí ọ̀tún ti dákẹ́. Ti òsì ṣì ń kùn.