Ẹrù ọmọ àlòkù: èwo la lè gbà, èwo la ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

Ìyá Àdùkẹ́:
Àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé gbogbo ohun tí ọmọ tuntun máa lò, tuntun ló gbọ́dọ̀ jẹ́, pé àlòkù kankan ò dáa. Èmi ò fara mọ́ ọn. Aṣọ, ìlédìí aláṣọ, táwẹ́ẹ̀lì, baàfù ìwẹ̀: ẹ sáà ti fọ̀ wọ́n kí wọ́n mọ́, ẹ fa bọ́tìnnì wò bóyá ó fẹ́ já, ẹ yọ okùn tó bá wà lọ́rùn aṣọ, ó parí. Ibi mẹ́ta ni owó yẹ kó lọ: ibi tí ọmọ ń sùn sí, ìjókòó rẹ̀ nínú mọ́tò, àti fíìdà fún ọmọ tí kò mu ọyàn. Mẹ́ta yìí, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Ìyókù, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá fún yín. Ẹni tó bá ní àtakò, kó sọ ọ́.

Dẹ̀jọ Káfíńtà:
Ìyá Àdùkẹ́, mo ní ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀dì tuntun tí wọn ò tò dáadáa léwu ju àlòkù tó dúró ṣinṣin lọ. Ẹ mú rúlà dání, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì ò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ìdí ọmọ á gba ibẹ̀ yọ, èjìká á tẹ̀ lé e, orí á wá há sókè. Ẹ di ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mú, kẹ́ ẹ lọ́ ọ: èyí tó bá ń yí nínú ihò rẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti jọ̀wọ́. Ẹ fọwọ́ pa orí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọ̀kankan má yọ ṣóńṣó sókè, torí ọrùn aṣọ ọmọ lè kọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ fóòmù sí i, kẹ́ ẹ tì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá. Tí àyè tó ṣẹ́ kù lódì kejì bá gbà ju ìka méjì lọ, fóòmù yẹn kéré jù, ojú ọmọ lè wọ ibẹ̀ kó má lè yọ ọ́. Fóòmù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Tí ojú ọwọ́ bá ṣì hàn níbẹ̀, ó ti rọ̀ jù.

Bóòtù ló máa ń fa wàhálà jù lára àlòkù. Nígbà tí wọ́n bá tú bẹ́ẹ̀dì láti kó kúrò nílé, ọ̀kan á sọnù, ẹnì kan á sì fi síkúrúù igi dí ojú rẹ̀. Síkúrúù igi á mú un fúngbà díẹ̀. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, tó ń mì í, ihò á fẹ̀, igun á ṣí. Tẹ́ ẹ bá lè rí bóòtù tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó dáa. Tí kò bá sí, ẹ fi bẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Dẹ̀jọ, ṣùgbọ́n ẹ ò mẹ́nu ba èyí tó léwu jù nínú àlòkù: bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gòkè. Láti oṣù kẹfà ọdún 2011 ni òfin ò ti gbà kí wọ́n tà á mọ́ ní Amẹ́ríkà, torí ike tó di ẹ̀gbẹ́ náà mú máa ń kán, igun kan á jábọ́, ọmọ á yọ̀ sáàárín igi àti fóòmù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló bá a lọ. Àwọn tó ti wà nínú ilé ò sì parẹ́, àwọn èèyàn ṣì lè máa gbé e fún ara wọn.

Dẹ̀jọ Káfíńtà:
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun nìkan lówó ká ńkọ́? Mo rò pé kí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin de ẹ̀gbẹ́ náà pa, kó má sọ̀ mọ́, ti tó.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Kò tó o, ẹ̀gbọ́n. Ihò tuntun tẹ́ ẹ bá lu sára igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á tún dín agbára rẹ̀ kù, kò sì sí ẹni tó máa dán an wò bí ilé iṣẹ́ ṣe ń dán tiwọn wò. Ọmọ tuntun ò nílò bẹ́ẹ̀dì ńlá. Ìjọba Finland ti ń fún àwọn aboyún ní páálí ẹrù ọmọ láti ọdún 1938, fóòmù kékeré wà nínú rẹ̀, àwọn òbí sì ń fi páálí náà ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ọmọ nílò ni ìsàlẹ̀ tó le, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ṣófo, nínú yàrá tí òbí ń sùn sí. Àpótí tàbí apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni kó wà, kì í ṣe orí tábìlì, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò lọ́jọ́ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara rẹ̀ padà.

Dẹ̀jọ Káfíńtà:
Lórí lílu ihò, mo gbà fún yín.

Ìyá Tolú:
Bóòtù lẹ̀ ń sọ, ẹ ò sọ ohun tó máa wà nínú bẹ́ẹ̀dì. Ṣé igi lásán lẹ fẹ́ kí orí ọmọ máa gbá? Tìmùtìmù tí wọ́n máa ń so yí inú bẹ́ẹ̀dì ká wúlò. Ìrọ̀rí kékeré náà wúlò, kí ẹ̀yìn orí ọmọ má baà pẹlẹbẹ. Ọmọ tó bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lè bì kó há a lọ́fun, ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kó fi lélẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ìyá Tolú, ẹ má bínú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo máa ta kò.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi èébì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń ba òbí lẹ́rù jù. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Èébì tó bá gòkè wá ní láti pọ́n òkè kó tó lè wọ ọ̀nà èémí. Kó tó débẹ̀, ọmọ á ti gbé e mì tàbí kó wúkọ́ ọ dànù. Tó bá dojú bolẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ ló bọ́ sókè, ohun tó bá bì lè ṣàn tààrà wọ ọ̀nà èémí. Ẹ̀gbẹ́ kì í dúró: ọmọ tí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ò ní pẹ́ yí dojú bolẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde fún àwọn òbí ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa tẹ́ ọmọ sẹ́yìn, iye ọmọ tó ń kú lójijì lójú oorun sì fi nǹkan bí ìdajì dín kù láàárín ọdún mẹ́wàá.

Tìmùtìmù inú bẹ́ẹ̀dì: ọmọ tuntun ò lágbára láti fi orí gbá igi débi tó máa ṣe é léṣe. Ṣùgbọ́n tí imú rẹ̀ bá wọ inú tìmùtìmù, kò lágbára láti fa orí kúrò níbẹ̀, èémí tó ti mí jáde ni yóò tún máa fà símú. Òfin Amẹ́ríkà fòpin sí títa rẹ̀ ní 2022, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó dàgẹ̀rẹ̀ ju digrí 10 lọ.

Orí tó pẹlẹbẹ, ìrọ̀rí kọ́ ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá yí orí ọmọ sọ́tùn-ún lónìí, ẹ yí i sósì lọ́la. Tó bá lajú, tí ẹ sì ń wò ó, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, láti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Ọrùn rẹ̀ á le, orí á sì sinmi kúrò lójú kan.

Àjọkẹ́:
Tí kò bá sí kúbùsù, tí òtútù bá mú ọmọ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ẹ wọ aṣọ ìsùn tó rí bí àpò fún un, ihò ọrùn àti apá rẹ̀ á bá a mu, kò ní lè gòkè bo ojú. Aṣọ tí àgbà wọ̀ tára fi tù ú nínú yàrá náà, ẹ fi ẹyọ kan kún un fún ọmọ. Ẹ má fọwọ́ ba ọwọ́ ọmọ láti mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sábà máa ń tutù. Ẹ̀yìn ọrùn ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn. Tó bá ń làágùn níbẹ̀, ẹ bọ́ nǹkan kan kúrò. Inú ilé, ẹ má dé fìlà fún un lójú oorun. Ẹni tó bá sì ń fi aṣọ dì í, kó dáwọ́ dúró ní kété tí ọmọ bá fẹ́ máa yí.

Rẹ̀mí Onímọ́tò:
Ìyá Àdùkẹ́, lórí síìtì mọ́tò, ẹ̀yìn yín ni mo wà, àfi ìyàtọ̀ kan. Síìtì tó wá látọwọ́ àjèjì, ẹ má gbà á bó ti wù kó máa dán tó. Èyí tó ti wà nínú mọ́tò nígbà ìjàǹbá lè ti sán lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ojú ò ní rí i. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín, tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé kò kan ìjàǹbá rí, tí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ike rẹ̀ ò tíì kọjá (ọ̀pọ̀ wọn máa ń lo ọdún 6 sí 10 látìgbà tí wọ́n ti ṣe é), tí ìwé àlàyé àti gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pé, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa kọ̀ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń so ó gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀yìn mọ́tò. Orí rẹ̀ wúwo ju ohun tí ọrùn rẹ̀ lè gbé lọ. Tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ẹ̀yìn síìtì á gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọmọ pa pọ̀. Tó bá kọjú síwájú, ọrùn nìkan ló máa fa orí yẹn padà. Òfin R129 tí Yúróòpù ń lò láti 2013 ní kó kọjú sẹ́yìn títí yóò fi pé oṣù 15, ó kéré tán. Iwájú báàgì afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ (èyí tó máa ń wú jáde lójijì nígbà ìjàǹbá), ẹ má gbé e síbẹ̀ láé: báàgì yẹn á gbá ẹ̀yìn síìtì níbi tí orí ọmọ wà gan-an.

Bí ẹ bá so ó tán, ẹ di síìtì mú níbi tí bẹ́líìtì mọ́tò gbà kọjá, kẹ́ ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ rìn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Ẹ má dì í mú lókè, òkè á máa mì nígbà gbogbo, ìyẹn ò sọ nǹkan kan. Ẹ wo àmì ìdàgẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá nàró jù, àgbọ̀n ọmọ á tẹ àyà, ọ̀nà èémí á ká kò. Okùn èjìká, ihò tó bá èjìká dọ́gba tàbí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i ni kó ti jáde. Ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti ká okùn pọ̀ lórí èjìká ọmọ: tí ẹ bá rí nǹkan mú, kò tíì fún. Ìdè àyà, tí síìtì náà bá ní in, kó bá abíyá dọ́gba. Ẹ bọ́ kóòtù tó nípọn kẹ́ ẹ tó so ó, torí afẹ́fẹ́ inú kóòtù ni okùn á dì mú. Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kóòtù á tẹ̀, okùn á sì tú sílẹ̀ lára ọmọ.

Àjọkẹ́:
Tí okùn bá ti dọ̀tí, ṣé ẹ̀rọ ìfọṣọ lè fọ̀ ọ́?

Rẹ̀mí Onímọ́tò:
Rárá, àǹtí. Aṣọ orí síìtì ṣeé yọ fọ̀. Okùn, aṣọ tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Ẹ̀rọ ìfọṣọ àti blíìṣì ń jẹ òwú rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti rẹ okùn síìtì kan sínú blíìṣì, ẹ má gba síìtì yẹn.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Kí n fi kún un: ọmọ tó sùn sínú síìtì nígbà tí mọ́tò ń lọ, kò burú. Tẹ́ ẹ bá ti délé, ẹ yọ ọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì pẹrẹsẹ, kódà tó bá máa jí. Síìtì tí wọ́n gbé kalẹ̀ sílé ò dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó wà nínú mọ́tò mọ́.

Ìyá Tolú:
Ó dáa. Fíìdà ńkọ́? Fíìdà onígíláàsì tí kò sán, kí ló dé tí kò ní ṣeé gbà?

Ìyá Àdùkẹ́:
Màmá Tolú, onígíláàsì ṣeé gbà, mo fọwọ́ sí i. Oníke ni mi ò fẹ́, pàápàá àtijọ́: Yúróòpù fòfin de kẹ́míkà BPA nínú fíìdà ní 2011, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2012, ike tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn lè ní in. Ike tí ara rẹ̀ ti họ máa ń tọ́jú kòkòrò àrùn sínú ojú ibi tó họ náà. Orí fíìdà, tuntun ni nígbà gbogbo. Ẹ fà á gùn kẹ́ ẹ tó lò ó. Tó bá lẹ̀ tàbí tó ti ya, ẹ sọ ọ́ nù kí ọmọ má baà gé e mì.

Sísè ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ tú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, kí omi bò ó, kí afẹ́fẹ́ má há sínú rẹ̀, kó hó fún ìṣẹ́jú 10. Pàúdà mílíìkì inú agolo kò mọ́ tónítóní bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, ìdí nìyí tí omi tẹ́ ẹ fi ń pò ó kò fi gbọdọ̀ tutù ju digrí 70 lọ, kẹ́ ẹ wá fi fíìdà sínú omi tútù títí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́. Èyí tó bá ti pé wákàtí 2, ẹ dà á nù. Ẹ má fi máíkírówéfù mú un gbóná: ike á tutù lọ́wọ́ yín, àárín rẹ̀ á máa jó.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ẹ fi ẹ̀rọ ìfún-ọyàn kún ohun tẹ́ ẹ ò ní gbà lálòkù, Ìyá Àdùkẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ṣe fún ìyá kan ṣoṣo: omi ọyàn lè wọ inú mọ́tọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fọ ibẹ̀. Pípààrọ̀ rọ́bà nìkan ò tó. Wọ́kà náà, ìyẹn àga onítáyà tí ọmọ fi ń kọ́ ìrìn, tuntun tàbí àlòkù, ẹ má gbà á. Kánádà fòfin dè é láti 2004, torí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ máa ń sáré dé orí àtẹ̀gùn kí àgbà tó dìde.

Àjọkẹ́:
Ìgbà wo ló yẹ kí síìtì ti wà nínú mọ́tò?

Rẹ̀mí Onímọ́tò:
Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Ẹ so ó, ẹ tú u, ẹ tún un so, kí ẹni tó máa wakọ̀ lọ gbé ìyá àti ọmọ náà ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ fi bèbí kan tàbí táwẹ́ẹ̀lì tó ká pọ̀ sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ fi kọ́ bí okùn ṣe ń fún. Nọ́ńbà tó wà lára síìtì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí Google pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ ó rí i bóyá wọ́n ti kó irú rẹ̀ kúrò lọ́jà.

Dẹ̀jọ Káfíńtà:
Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì náà. Ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni nọ́ńbà náà máa ń wà. Èyí tí wọ́n bá ti ya ìwé yẹn kúrò lára rẹ̀, tí ẹni tó ní in ò sì lè sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, èmi náà ò ní gbé e wọlé.