Ẹ yé é pààrọ̀ ojú Nokia 5300, flex rẹ̀ ló já

Bí oníṣòwò kan bá ti lè gbé Nokia 5300 tòkunbọ̀ síta lórí Facebook báyìí, ìjà á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan á ní kò tíì sí fóònù orin tó tó o láti ìgbà náà wá. Àwọn mìíràn á dá wọn lóhùn pé kí ẹnikẹ́ni má fowó rẹ̀ ṣòfò, pé ojú fóònù yẹn máa ń funfun báláú, pé àwọn ti pààrọ̀ screen rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi ń lélẹ̀. Àwọn ẹlẹ́jọ́ kejì yìí ló ń dá mi lágara. Wọn ò purọ́ o. Ojú fóònù náà ń funfun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn pé screen ló kú? Ẹni tó gbowó screen lọ́wọ́ wọn ni. Flex, ọ̀já pẹlẹbẹ tó so òkè àti ìsàlẹ̀ fóònù náà pọ̀, ló já.

Kí àwọn ọmọ tó jẹ́ pé fóònù onígíláàsì ni wọ́n bá láyé lè bá wa lọ: ọdún 2006 ni Nokia gbé 5300 XpressMusic jáde, fóònù tí a ń ti ojú rẹ̀ sókè kí bọ́tìnnì nọ́ńbà tó yọ, èyí funfun tó ní rọ́bà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì méjì, píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó ń di àwòrán) 240 sí 320. Ẹ má ṣì í mú fún 5200 tí wọ́n jọ jáde, 128 sí 160 ni ojú tiyẹn, kámẹ́rà rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bọ́tìnnì orin mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú 5300: ọ̀kan fún orin tó kọjá, ọ̀kan fún dúró àti tẹ̀síwájú, ọ̀kan fún orin tó ń bọ̀. Kò sí ìdí láti ti fóònù sókè kí ẹ tó lò wọ́n. Ó lè wà nínú àpò ṣòkòtò yín, àtàǹpàkò nìkan á mọ èyí tí yóò tẹ̀.

Ẹni tó ń gbọ́ fújì mọ ohun tí bọ́tìnnì yẹn ń ṣe fún èèyàn. Orin kan ṣoṣo lè gba ogún ìṣẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ìlù ti yí padà ni ẹ ń wá, ẹ ó kàn tẹ bọ́tìnnì ti iwájú mọ́lẹ̀ kó máa sáré lọ títí tí ẹ ó fi dé ibẹ̀. Ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ lójú gíláàsì òde òní nínú mọ́tò tó ń gbọ̀n jìgìjìgì lójú ọ̀nà, kí ẹ fi ìka fa ìlà tín-ín-rín yẹn. Nítorí náà àwọn tó ń yìn ín kò ṣìṣe. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ bí ẹni pé àléébù kankan ò sí lára ẹ̀ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí flex.

Ilé méjì ni fóònù tí a ń tì sókè. Ilé òkè ló gbé screen, ilé ìsàlẹ̀ ló gbé pánẹ́ẹ̀lì (pátákó tí iṣẹ́ fóònù wà lára rẹ̀), símù àti bátìrì. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni flex, ọ̀já pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, tí wọ́n tẹ àwọn okùn bàbà wẹ́wẹ́ sí nínú. Láàárín ilé méjèèjì ló ká sí. Bí ẹ bá ti fóònù sókè, ojú ìká yẹn á rìn kúrò níbi kan lọ síbòmíràn lára ọ̀já náà. Bí ẹ bá tì í padà, á tún rìn padà. Ẹni tó bá ń ṣí i ní ìgbà 50 lóòjọ́, ó ti lé ní ìgbà 18,000 lọ́dún kan. Bàbà wo ni wọ́n máa ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sán?

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Okùn kan á sán, àmọ́ kò ní já tán. Bí ẹ bá ti fóònù dé ìdajì, ẹnu ibi tó sán á tún kan ara wọn, àwòrán á yọ. Bí ẹ bá tì í dópin, ẹnu méjèèjì á ya ara wọn. Okùn tó ń gbé iná lọ sí screen kò tíì já, ìyẹn ni ojú fi ń tàn. Okùn tó ń gbé àwòrán ló já, ìyẹn ni ẹ ò fi rí nǹkan kan àyàfi funfun. Bí ó bá wá jẹ́ okùn iná ló kọ́kọ́ já, ojú á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí àwòrán fírífírí nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn screen á wà dáadáa, ohùn ẹni tó pè yín ni ẹ ò ní gbọ́ mọ́ tí ẹ bá ti ṣí i, nítorí òkè náà ni ibi tí ohùn ń gbà jáde wà, flex kan náà ló sì ń gbé ohùn lọ síbẹ̀.

Screen tó bàjẹ́ gan-an kò mọ̀ bóyá ẹ ṣí fóònù tàbí ẹ pa á dé. Bákan náà ni yóò rí nígbà gbogbo: ìlà á gba ojú rẹ̀ kọjá, tàbí àbàwọ́n dúdú á máa tàn kálẹ̀ láti ibi tó ti fọ́. Ìdánwò tí kò náni ní kọ́bọ̀ nìyẹn. Ẹ ti fóònù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró láàárín ọ̀nà. Bí ojú bá ń yí padà bí ọwọ́ yín ṣe ń rìn, flex ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta screen fún yín.

Ẹ ó ní, ṣebí wọ́n pààrọ̀ screen fún àwọn, ó sì ṣiṣẹ́? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn náà wà. Kí wọ́n tó lè yọ screen, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ilé òkè, kí wọ́n yọ ẹnu flex, kí wọ́n sì tún tẹ̀ ẹ́ padà. Nínú gbígbé àti yíyí yẹn, ojú ìká flex á sún díẹ̀, okùn tó sán á tún fara kan ara rẹ̀. Fóònù á tàn, oníbàárà á sanwó, gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Kò ní pẹ́ tí yóò fi tún funfun, oníbàárà á wá gbé ìbínú rẹ̀ lọ sórí Facebook, á ní Nokia 5300 kò dáa. Screen tuntun tí wọ́n fi sí i, tó ṣeé ṣe kó má dáa tó èyí tí wọ́n yọ, ń bẹ níbẹ̀ láìṣẹ̀ láìrò.

Mi ò ní gbogbo àwọn tó ń tún fóònù ṣe ni olè. Òmíràn kàn ń kánjú ni. Screen wà lórí tábìlì, flex kò sí, oníbàárà dúró tì í. Àmọ́ iṣẹ́ flex kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Bátìrì ni a kọ́kọ́ ń yọ. Síkúrù rẹ̀ jẹ́ oníràwọ̀, ẹni tó bá fi ọ̀bẹ yí i á jẹ ẹ́ lórí, kò sì ní ṣeé tú nígbà mìíràn. Bí síkúrù bá ti kúrò, a kì í fa ilé méjèèjì ya bí ẹni ń la obì, nítorí flex kò gùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ flex tó dáa ń gbà já. Ẹnu flex ń jókòó lórí píìnì kéékèèké: kí ó bá ojú ara wọn mu ná, kí a tó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé títí yóò fi dún. Ẹni tó bá fi orí sukudiráfà tì í wọlé á wó píìnì, ọ̀rọ̀ á sì ti kúrò ní ti flex, ó ti di ti pánẹ́ẹ̀lì. Kí wọ́n tó dì í padà, kí wọ́n tì í sókè sódò jẹ́jẹ́, kí wọ́n wo bóyá flex ń fara ha etí ike níbì kan. Bó bá ń ha, ọjọ́ rẹ̀ ò jìnnà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ta epo sí ojú ọ̀nà tó ń gbà rìn. Epo á kó eruku jọ, á sì rọra wọ abẹ́ screen.

Flex fúnra rẹ̀ wá ní òótọ́ àti ayédèrú. Èyí tó dáa rọ̀. Bí ẹ bá ká a díẹ̀ láàárín ìka méjì tí ẹ sì jù ú sílẹ̀, á padà sípò láìsí ojú ìlà lára rẹ̀. Ayédèrú nípọn, ó le, bí ẹ bá ká a lẹ́ẹ̀kan á fi àmì funfun sílẹ̀. Èyí tó bá ti ní àmì kó tó wọ inú fóònù, kí lẹ rò pé yóò ṣe lẹ́yìn ìgbà 18,000?

Àwọn ẹ̀sùn yòókù kò ṣòro. Pé kò ka mẹ́mórì káàdì: 2GB ni Nokia kọ pé ó gbà, àwọn káàdì 4GB lọ sókè sì jẹ́ irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní SDHC. Ẹ ò lè ki 32GB bọ̀ ọ́ kí ẹ wá máa bú u. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin ní 128 kbps kò tó 4MB, nítorí náà 2GB á gba orin tó lé ní 500. Ti ogún ìṣẹ́jú, ó tó ọgọ́rùn-ún. Kí lẹ tún ń wá? Pé íápíìsì kì í wọ̀ ọ́: ihò rẹ̀ jẹ́ 2.5 mílímítà, kì í ṣe 3.5 tó wọ́pọ̀, ẹ ra ohun tí a fi ń so ó pọ̀, kí ẹ sì fi etí méjèèjì gbọ́ ọ kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀, torí òmíràn etí kan ló ń gbé. Íápíìsì yẹn náà ni okùn rédíò, láìsí i kò sí rédíò. Pé kò gba iná láti ẹnu USB: kò gbà á rí, ṣájà ẹlẹ́nu tín-ín-rín ló ń lò, USB wà fún kíkó orin sínú rẹ̀ ni. Ti bátìrì, BL-5B ni, 760 mAh. BL-5C kò wọ ibẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ 2,000 sí lára, irọ́ ni wọ́n kọ, ibi tí wọ́n máa rí ààyè fi 2,000 sí nínú ìwọ̀n yẹn kò sí.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì yẹ kí wọ́n pariwo rẹ̀, ni ti nẹ́tíwọ̀kì. Oríṣi méjì ni 5300. RM-146 ń gbọ́ ìgbì nẹ́tíwọ̀kì 900, 1800 àti 1900 MHz. RM-147, tí wọ́n ń pè ní 5300b, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún: 850, 1800 àti 1900 ni tirẹ̀. 900 àti 1800 ni 2G wa ní Nàìjíríà, nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ tí 5300 ń bá ṣiṣẹ́, ń lò, 900 ló sì ń dé ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà 5300b á ṣe dáadáa ní Ìkẹjà níbi tí ẹ ti rà á, ẹ ó gbé e délé lóko, á ní kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Oníbàárà á ní fóònù bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn AT&T, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kan, ti pa 2G tiwọn ní Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, kò sì ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ pé ara ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní tòkunbọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ *#0000#, ẹ óò rí RM rẹ̀ lójú fóònù. Ẹ tẹ *#06# náà, kí nọ́ńbà tó yọ bá èyí tó wà lábẹ́ bátìrì mu. Bí wọn ò bá mu, wọ́n ti kó pánẹ́ẹ̀lì fóònù kan sínú ilé òmíràn nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti ń há mi lọ́nà ọ̀fun rèé. Nokia kò ṣe flex 5300 mọ́, ó ti pẹ́. Ohun tó kù lọ́jà ni èyí tó ṣẹ́kù láti ayé ìgbà náà àti ayédèrú, ayédèrú ló sì pọ̀ jù. Bí mo bá wá sọ fún èèyàn pé kó má pààrọ̀ screen, pé flex ni kó pààrọ̀, flex wo? Àwọn tó ń kọ ọ́ sórí Facebook pé kí ẹ má rà á, ìdí tí wọ́n mú wá kò tọ̀nà, àmọ́ ó lè jẹ́ pé ìdájọ́ wọn tọ̀nà.

Ẹni tó bá jẹ́ orin nìkan ló ń wá, Nokia 5310 tí wọ́n tún gbé jáde lọ́dún 2020 wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì orin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 3.5 ni ihò íápíìsì rẹ̀, ó ń gba káàdì tó tó 32GB, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 1,200 mAh. Kò ní flex tó ń rìn síwá sẹ́yìn rárá, torí kì í ṣe èyí tí a ń tì sókè. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó ń wá 5300, ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe máa rẹ̀wẹ̀sì. Títì yẹn gan-an ló ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń tú u lójoojúmọ́, ní Ìkẹjà, n'Íbàdàn, ní Kútọnu, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ń rí flex tó rọ̀ rà báyìí? Oṣù mélòó ló ń lò lọ́wọ́ oníbàárà yín kó tó sán? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bí gbogbo yín bá ní oṣù mẹ́ta, èmi náà á dákẹ́, n ò ní gbè é lẹ́yìn mọ́.