Eré inú kíláàsì ìṣirò kì í fi àkókò ọmọ ṣòfò

Bí òbí kan ní Àkúrẹ́ níbí bá gbọ́ pé eré ni ọmọ òun ṣe ní kíláàsì ìṣirò lónìí, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé torí eré ni mo ṣe ń san owó ilé ìwé?" Àwọn àgbà á fi tiwọn kún un: pàṣán ni tíṣà fi kọ́ àwọn ní táìmù, ìyẹn times table, àwọn ò sì gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Ìgbàgbọ́ yìí ti wọ àwa olùkọ́ náà lára. Kíláàsì tó bá dákẹ́ rọ́rọ́ la gbà pé ó ń kẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó bá ń pariwo, a ó ní tíṣà ibẹ̀ ò lè káwọ́ àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ràn láti kọ́ ọmọ tó ìṣirò. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́. Eré tí wọ́n bá fi ọgbọ́n yàn máa ń mú ọmọ ṣe ìṣirò ju bí pátákó ṣe ń mú un ṣe é lọ, ó sì máa ń jẹ́ kó yé e.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú kíláàsì tó dákẹ́ yẹn. Ọmọ bí ogójì ló wà níbẹ̀. Tíṣà kọ 47 + 36 sójú pátákó, ó pe ọmọ kan jáde. Ọmọ yẹn nìkan ló ń ro nǹkan. Àwọn yòókù ń wò ó, àwọn mìíràn ń wo ojú fèrèsé, nígbà tó bá yá wọ́n á da ìdáhùn kọ sínú ìwé. Ẹ wá pín ogójì ọmọ yẹn sí mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní pátákó lúdò kan àti dáìsì méjì. Bí ọ̀kan bá ti jù ú, ó gbọ́dọ̀ ro méjèèjì pọ̀ kó tó lè sún ọmọ lúdò rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù náà á ti máa rò ó, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹ gbọ́ ariwo tí wọ́n á pa bí ẹnì kan bá fi ojú kan lé tirẹ̀: "Mẹ́sàn-án lo jù, mẹ́wàá lo kà!" Wọ́n ti bá a máàkì iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìlo bírò pupa, kó tó gbàgbé bó ṣe rò ó. Ìwé tí tíṣà kó lọ sílé tó wá dá a padà lọ́jọ́ kẹta kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ìwádìí tó yè kooro sì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2008, Geetha Ramani àti Robert Siegler tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde ní Amẹ́ríkà. Ọmọ kéékèèké 124, ọmọ àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́, tí wọn ò tíì wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló kópa níbẹ̀. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní pátákó eré tí wọ́n to 1 dé 10 sí lórí ìlà kan. Wọ́n fún àwọn yòókù ní irú pátákó kan náà, àmọ́ àwọ̀ ló wà lórí tiwọn, kò sí nọ́ńbà. Ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n jókòó ti eré náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì ju bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó lo pátákó oní-nọ́ńbà tẹ̀ síwájú nínú kíkà, nínú dídá nọ́ńbà mọ̀ lójú, àti nínú mímọ èyí tó pọ̀ jù láàárín nọ́ńbà méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ohun tí wọ́n kọ́ ṣì wà lórí wọn. Àwọn tó ṣe eré aláwọ̀ ò jèrè bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Eré ni ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe, àkókò kan náà ni wọ́n sì lò. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé nọ́ńbà wà nínú òfin eré ti ẹgbẹ́ kan, kò sí nínú ti èkejì. Òfin kékeré kan tún wà nínú eré yẹn tí mo ti sọ di tèmi: bí ọmọ bá wà lórí 5, tó sì rí 2, kò gbọdọ̀ ka "ení, èjì" bó ṣe ń sún. "Ẹẹ́fà, èje" ló gbọ́dọ̀ kà. Elida Laski àti Siegler dán èyí wò lórí pátákó tó dé 100, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014: ọmọ tó ń pe nọ́ńbà ojúlé tó ń tẹ̀ jèrè ju ọmọ tó ń padà sórí ení ní gbogbo ìgbà lọ. Pátákó ejò àti àkàbà tó máa ń wà lẹ́yìn lúdò ti tó láti ṣe èyí nílé. Bí ọmọ yín bá wà lórí 38 tó sì ju mẹ́rin, ẹ má jẹ́ kó sáré dé ibẹ̀. Kó pè é jáde: 39, 40, 41, 42, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ayò. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá tò wọ́n sílé ti ṣe 12 lọ́nà mẹ́rin kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, òun fúnra rẹ̀ ló máa kígbe pé kò pé, torí ilé kan á ní mẹ́ta. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹni tó bá ti jẹ 25 fi borí, bí eré ò tilẹ̀ tíì parí. Wọ́n á kọ́kọ́ wò mí. Ẹni tó bá rántí pé ìdajì 48 ni 24 á wá sọ fún àwọn tó kù, wọ́n sì máa ń gba tirẹ̀ gbọ́ ju tèmi lọ.

Ẹ wo ọmọ tó fẹ́ ta. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kan ọpọ́n, àmọ́ ètè rẹ̀ ti ń mì. Ó ń fi ojú ka àwọn ilé tó wà níwájú, kó lè mọ ibi tí ọmọ ayò ìgbẹ̀yìn máa bọ́ sí, bóyá méjì tàbí mẹ́ta ló máa pé nínú ilé ọ̀tá rẹ̀, kó lè jẹ ẹ́. Bí ilé náà bá kún ńkọ́? A kì í sọ ọmọ ayò padà sínú ilé tí a ti kó o, nítorí náà ilé 11 ló kù láti yí ká. Ẹni tó kó 11 á parí sí ilé tó wà lẹ́yìn tirẹ̀ gan-an. Ẹni tó kó 12 á yí po, ti ìgbẹ̀yìn á sì bọ́ sí ibi tí ti àkọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹni tó kó 15? Yọ 11 kúrò, ó ku mẹ́rin, ilé kẹrin ni. Bí ọmọ bá dé SS1, wọ́n á kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń pè ní modular arithmetic, ìyẹn ìṣirò tó ń yí po padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ bíi ti ojú aago, ẹ̀rù á sì bà á. Ọmọ tó ti ń yọ 11 nídìí ọpọ́n láti kékeré ti mọ̀ ọ́n kó tó débẹ̀. Àwọn ọ̀ta ayò tó ń jókòó lábẹ́ igi nírọ̀lẹ́ ń ṣe ìṣirò yìí láìmú bírò dání, ó sì ń dùn mí pé a kì í kà á sí ìmọ̀.

Fún àwọn ọmọ Primary 5, ìje kan wà tí mo máa ń ṣe. Mo máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà 11 sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láti 2 dé 12. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú nọ́ńbà kan gẹ́gẹ́ bí ẹṣin rẹ̀. A ó ju dáìsì méjì, àpapọ̀ tó bá jáde ni ẹṣin tó máa gbé ẹsẹ̀ kan. Orí 12 ni wọ́n máa ń jà sí, torí òun ló tóbi jù. Ibẹ̀ ni 12 á dúró gbagidi sí, tí 6, 7 àti 8 á sì máa lọ ní tiwọn. Ẹni tó mú 12 á ní dáìsì ò dáa, ká pààrọ̀ rẹ̀. A ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìje bá tún lọ bẹ́ẹ̀, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, ìgbà yẹn gan-an ló ṣe tán láti kẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ní kí wọ́n kọ gbogbo ọ̀nà tí 7 lè gbà jáde: 1 àti 6, 2 àti 5, 3 àti 4, 4 àti 3, 5 àti 2, 6 àti 1. Ọ̀nà mẹ́fà. 12 ńkọ́? 6 àti 6, ó tán. Àríyànjiyàn á sì bẹ́ sílẹ̀, torí àwọn kan á ní 1 àti 6 kò yàtọ̀ sí 6 àti 1. Mi ò kì í dá sí i. Mo máa fún wọn ní dáìsì pupa kan àti funfun kan, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ọ̀tọ̀ ni kí pupa jẹ́ 6, ọ̀tọ̀ ni kí funfun jẹ́ 6. Wọ́n á to gbogbo ọ̀nà náà sínú àpótí ìlà, yóò pé 36. Mi ò tíì rí bí mo ṣe lè kọ ọ́ sójú pátákó tí á fi wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọjà náà. Àwọn ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń kiri lẹ́yìn ilé ìwé. Wọ́n á ta ọjà ₦350, wọ́n á gba ₦500, ṣéńjì ò ní ṣì lọ́wọ́ wọn: "350, àádọ́ta rèé, ó di 400, ọgọ́rùn-ún rèé, ó di 500." Ẹ kọ 500 − 350 fún ọmọ kan náà nínú ìwé, ẹ ó rí i tó ń yá ọ̀kan níbi tí kò yẹ. Òbí á ní olódo ni. Kì í ṣe olódo. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ ohun tí wọ́n rí ní ìlú Recife, ní Bràsíl, jáde. Ọmọ márùn-ún tó ń tajà ní òpópónà, ọmọ ọdún 9 sí 15, ni wọ́n bá dúnàá-dúrà. Nígbà tí wọ́n wà nídìí ọjà wọn, nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn wọn ló tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sọ irú ìṣirò kan náà di ìtàn lórí ìwé, ó di bíi 74. Nígbà tí wọ́n kọ nọ́ńbà lásán, ó wálẹ̀ sí bíi 37. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, ń ta àgbọn ní 35 ẹyọ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́wàá. Kò fi òdo kún 35. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta mìíràn sọ ọ́ di 210, ó ku mẹ́rin, ó di 315, ó di 350.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe ọjọ́ ọjà nínú kíláàsì, pẹ̀lú agolo òfìfo, owó tí a fi bébà gé, àti kóńgò kan fún ẹ̀kọ́ nípa ìdajì àti ìdá mẹ́rin. Iye tí nǹkan ń lọ ní Ọjà Ọba lọ́sẹ̀ yẹn la máa ń lò, torí àwọn ọmọ á bínú bí iye náà bá jẹ́ àròsọ. Ẹni tó ń tà ló ń ṣe ìṣirò jù, nítorí náà gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ tà. Lẹ́yìn náà, kí oníkálùkù kọ bó ṣe ṣẹ́ ṣéńjì sínú ìwé. Bí a bá fo ìkọ̀wé yìí, ọgbọ́n ọjà á wà lọ́tọ̀, ti ìwé á sì wà lọ́tọ̀.

Ní ti pàṣán, ní 2001 Mark Ashcraft àti Elizabeth Kirk fi hàn nínú ìwádìí wọn pé ẹni tí ìṣirò ń já láyà kì í ní àyè tó lọ́kàn láti di nọ́ńbà mú bó ṣe ń rò ó, pàápàá bó bá jẹ́ èyí tó gba kéèyàn gbé ọ̀kan. Ọmọ tó ń wo ọwọ́ tíṣà kò lè máa wo nọ́ńbà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n láyé pàṣán ló ń sọ̀rọ̀ lónìí; àwọn tó sá fún ìṣirò títí ayé nítorí pàṣán náà pọ̀, wọn kì í sọ tiwọn.

Òótọ́ kan wà nínú ẹ̀sùn àwọn òbí o. Eré kan wà tó ń fi àkókò ṣòfò lóòótọ́. Èyí tó burú jù lójú mi ni eré tí ẹni tó bá ṣì í á jáde lọ jókòó. Ọmọ tí ìdánrawò tọ́ sí jù lọ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, á sì jókòó títí tí eré fi parí. Ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ náà kò dáa, ọmọ mẹ́ta kan náà ló ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Kí n tó yan eré, mo máa ń bi ara mi pé: ṣé ọmọ lè borí láìṣe ìṣirò kankan? Bó bá lè ṣe é, mo pa á tì. Eré tí a ò sì jíròrò lẹ́yìn tó parí, ìdajì ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló ń lọ. Táìmù tó wà lẹ́yìn ìwé nótì ṣì gbọ́dọ̀ wà lórí, kò sẹ́ni tó ní ká sọ ọ́ nù. Káàdì tí wọ́n kọ 1 dé 12 sí máa ń gbé e wọ orí kíá: ọmọ méjì á ṣí káàdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, ẹni tó bá gbà á á kó méjèèjì, àmọ́ àwọn tí agbára wọn dọ́gba ni kí ẹ fi kojú ara wọn.

Owó kì í ṣe ìṣòro. Ìdérí ìgò mínírà ni mo fi ń ṣe ọmọ eré, páálí láti ṣọ́ọ̀bù ni pátákó, a sì lè gbẹ́ ilé ayò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọpọ́n ò bá tó. Níbi tí ọmọ bá ti lé ní ọgọ́ta, mo máa ń ní kí ìdajì ṣeré, kí ìdajì kọ iṣẹ́ sínú ìwé, kí wọ́n wá pààrọ̀ bí àkókò bá dé ìdajì. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ka ìdérí padà sínú ike kí agogo tó lù, bí kò bá sì pé, wọn ò tíì ní jáde.