Ẹ Gbààwẹ̀ Ọ̀rá Pẹ̀lú

Láti Ọjọ́rú Eléérú tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì l'Ékòó ti ń sọ ohun tí wọ́n yẹra fún. Ẹnì kan kò jẹ ẹran, ẹnì kejì kò fẹnu kan bíà, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tilẹ̀ ní ó di Àjíǹde kí àwọn tó dé orí Facebook. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó jáde ní Kàtídírà Holy Cross pẹ̀lú eérú níwájú orí, tó wọ dánfó, tó feyín já píọ̀ wọ́tà, tó mu ún tán, tó sì nawọ́ síta lójú fèrèsé. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Èṣù wá bá Jésù ní aginjù, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kọ́kọ́ mú wá: sọ òkúta di àkàrà. Ìdẹwò ti Èkó kò tó ìyẹn. Kí èèyàn ṣáà ti la ìka rẹ̀ ni.

Ọ̀rá tó bọ́ sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, gọ́tà ló ń wọ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé, èyí tí í máa sún mọ́ ìgbà Àjíǹde, yóò dí omi lọ́nà títí omi yóò fi wọlé ẹlòmíì. Ti Yábàá ń gba kánáà lọ sínú ọ̀sà. Ẹ bi àwọn apẹja Mákòókò ohun tí àwọ̀n wọn ń kó pẹ̀lú ẹja. Ẹja ọ̀sà yìí kan náà sì ni àwa tí a kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì ń ná lọ́jà!

Póòpù Francis ti kọ̀wé sí gbogbo èèyàn lọ́dún 2015 pé ìrònúpìwàdà gbọ́dọ̀ kan bí a ṣe ń lo ilé ayé. Ìwé náà ti dé Èkó tipẹ́. Ọgbà ìjọ ni kò tíì dé.

Ohun tí a ń fẹ́ kò le. Kí ìjọ kankan má fi píọ̀ wọ́tà ṣe àlejò mọ́. Ẹ gbé kúlà ńlá síta, kí kálukú mú ife tirẹ̀ wá. Abọ́ pọ̀ nínú stóò ẹgbẹ́ àwọn ìyá, àfi ìgbà tí èèyàn pàtàkì bá kú ni wọ́n ń kó o jáde.

Ìjọba náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá di ọ̀rá mọ́wọ́ láti CMS dé Ọ̀shòdì láìrí garawa ìdalẹ̀nù kan, ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò mì díẹ̀. Kí LAWMA, àjọ tó ń kó ìdọ̀tí l'Ékòó, gbé garawa sí gbogbo ibùdókọ̀ ńláńlá kí òjò tó dé, kí wọ́n sì máa kó o kó tó kún.

Ní ti ìrẹsì Àjíǹde, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí a fi ń pín oúnjẹ. Kí àwọn àlùfáà ka òfin náà síta nínú ìkéde wọn lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kí ìgbìmọ̀ ìjọ tó fọwọ́ sí owó tí wọn yóò fi ra abọ́ náà.